Mo rí "eyín" nínú òkúta kúárì ní Àkúrẹ́. Ṣé fọ́sìlì ni?

Ọmọ Òkè-Àró
Sátidé, aago méje àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi fojú sí nǹkan yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́lé lójú ọ̀nà Ìgbátọ́rọ̀. Lánàá, típà já òkúta sílẹ̀ fún wọn, mo sì ń bá wọn ṣa àwọn tó tóbi jù sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan tó tó orí ọmọ tuntun. Ara rẹ̀ rí bí eérú, àmọ́ nǹkan funfun mẹ́rìnlá ló dúró sínú rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn gùn tó ìka ọwọ́ mi kékeré, gbogbo wọn sì ní igun bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé wọn. Bí oòrùn bá kàn án, á máa dán yinrin. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tẹ̀ lé ara wọn bí eyín ìsàlẹ̀.

Bíríkìlà ní eyín ẹkùn ni. Ọ̀kan nínú àwọn lébírà ní kí n sọ ọ́ nù, pé eyín tí a kò mọ ẹnu tó ti jáde, ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá bèèrè rẹ̀ lálẹ́. Mo gbé e wálé, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Eyín kúkú ni.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi òòlù la òkúta, tí fọ́sìlì, ìyẹn ìkarahun tàbí egungun ẹ̀dá ayébáyé tó wà nínú òkúta, á sì bọ́ síta. Ó wù mí kí n máa ṣe irú ẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, kì í ṣe torí owó. Ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Mo fi fọ́tò yẹn han bàbá Ìbejì, ó ní eyín ni. Mo fi han Táíwò, ó ní àgbàdo ni. Mo ń dúró de Kẹ́hìndé.

Àgbà Oǹdó

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kò sọ ọ́ nù, nítorí òkúta tó dára láti fi kọ́ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eyín, kò sì lè jẹ́ eyín láéláé. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ àti òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Ẹnì kan fi àlà wé tirẹ̀ wá.

Giránáìtì ni òkúta yìí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́ bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, ibẹ̀ náà ló sì ti fi sùúrù tutù. Bí ó ṣe ń tutù ni àwọn ohun inú rẹ̀ ń dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí iyọ̀ ṣe ń dì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí omi ti gbẹ. Èyí tó bá rí àyè àti àsìkò á tóbi, á sì yọ igun. Àwọn funfun tí o kà sí eyín yẹn ni wọ́n ń pè ní fẹ́lísípà. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìdànrè, òkúta tí fẹ́lísípà gbàǹgbà-gbàǹgbà wà lára rẹ̀ kún ilẹ̀. Ti Ìdànrè yẹn ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún, nígbà tí kò tíì sí ẹranko kankan láyé tó ní eyín lẹ́nu. Bó bá tilẹ̀ wà, ta ni yóò wọ inú òkúta yíyọ́ tí eyín rẹ̀ yóò ṣẹ́kù?

Dì í mú síwájú oòrùn, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ojú pẹrẹsẹ kan á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà bíi gíláàsì fèrèsé, á tún kú. Eyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín ní gbòǹgbò.

Adé Gíọ́

Àgbà ti sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Fi ọ̀bẹ ilé ìdáná ha àwọn funfun yẹn. Fẹ́lísípà le ju ọ̀bẹ lọ, kò ní sí ohun tí yóò ṣe é. Òkúta ẹfun, èyí tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ǹtì, ṣeé ha wẹ́rẹ́. Tí ọ̀bẹ bá ha á, tí lẹ́búlẹ́bú jáde, fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Òkúta ẹfun á hó. Inú èyí tó bá hó ni kí o ti máa wá ìkarahun.

Ọmọ Òkè-Àró

Mo ti yí i. Ó kọ mànà, ó kú. Ọ̀bẹ ìyàwó mi ló gbọgbẹ́, òkúta kò ṣe nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ti ń bèèrè ta ló fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé irin.

Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní parọ́. Mo ti pe àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta wá wò ó. Ṣé gbogbo Àkúrẹ́ kò ní fọ́sìlì kankan nìyẹn?

Ojú Ọ̀run

Mílíọ̀nù 600 ọdún. Ta ló wà níbẹ̀ tó kà á? Ẹ máa ṣọ́ra o.

Adé Gíọ́

@Ojú Ọ̀run, ẹnì kankan kò wà níbẹ̀. Àwọn ohun kan wà nínú òkúta tó máa ń yí padà di ohun mìíràn ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún, wọn kì í yára, wọn kì í falẹ̀. Yuréníọ́mù tó ń di òjé jẹ́ ọ̀kan. Tí a bá wọn iye èyí tó ti yí padà àti iye èyí tó kù, a ó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń wo àbẹ́là tó ti jó dé ìdajì, tí ẹ sì mọ ìgbà tí wọ́n tàn án.

Alákòóso

Ojú Ọ̀run, Adé, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ayé ní àyè tirẹ̀ níbòmíràn. Níbí, òkúta ọwọ́ Ọmọ Òkè-Àró la wà lórí ẹ̀.

Àgbà Oǹdó

Ọmọ Òkè-Àró, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń wá fọ́sìlì gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ilẹ̀ tó dúró lé lórí. Ìbéèrè tí o bi yẹn ni ìbéèrè tó yẹ.

Wo ìpínlẹ̀ wa bí ẹni wo àwo ọbẹ̀ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá òkè, Àkúrẹ́, Ìdànrè, Oǹdó tiwa níhìn-ín, Ọ̀wọ̀, títí dé Ìkàrẹ́, orí òkúta tó yọ́ tàbí èyí tí ooru àti ìnira ti sè títí tó fi pa àwọ̀ dà ni gbogbo wa ń gbé. Ohun ẹlẹ́mìí kankan kò lè kù sínú ìyẹn. Bí o bá wá gba Orè kọjá, tí o forí lé Òkìtìpupa, ilẹ̀ á yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Iyanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú tí omi kó jọ ní ìpele ìpele, láti ìgbà tí òkun ń wọlé tó ń jáde ní etíkun wa, ni ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa láti ibẹ̀ lọ. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni fọ́sìlì ń gbé.

Ọ̀dà ilẹ̀ tó ń jáde ní Àgbábù, inú iyanrìn ìgbà yẹn ló wà. Láti 1908 ni ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ti ń gbẹ́ kànga wá epo káàkiri agbègbè yẹn. Ọ̀dà yẹn fúnra rẹ̀, ara ohun ẹlẹ́mìí tó kú sínú omi tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ló ti wá. Nítorí náà, bí o bá rí ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ tẹ́, òkú àtijọ́ lò ń tẹ̀ kọjá.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ ti ń lẹ́.

Adé Gíọ́

Ní abẹ́ ilẹ̀ Aráròmí náà, ẹrẹ̀ dúdú tó dì wà níbẹ̀ tó kún fún ìkarahun ẹ̀dá tín-ín-tín, ojú lásán kò lè rí wọn. A kó díẹ̀ wá sí yàrá iṣẹ́ wa ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, nígbà kan. A rẹ ẹrẹ̀ náà sómi, a fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré sẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń sẹ ògì, a sì fi ìyókù sábẹ́ awò. Ẹ̀yin ará, òmíràn rí bí òdòdó, òmíràn bí ìgbín, òmíràn bí èso àgbàdo tí wọ́n so pọ̀. Gbogbo wọn kò tó orí abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì máa ń fi wọ́n mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, torí irú kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tí ó gbé láyé. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ mú nǹkan, ìyẹn kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n. Lórí òkè wa, ẹsẹ̀ Agboògùn wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ nínú òkúta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá kì í sínú rẹ̀ á bá a mu. Mo kì í sínú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ó bá mi mu. Mo tún kì í ní ọdún tó kọjá, ó bá mi mu. Ṣé fọ́sìlì ni ìyẹn?

Àgbà Oǹdó

Ọmọ Ìdànrè, o fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò nílùú. Fọ́sìlì ojú ẹsẹ̀ wà láyé dáadáa. Ẹranko tẹ ẹrẹ̀ rírọ̀, oòrùn sá ẹrẹ̀ náà, iyanrìn mìíràn bò ó, gbogbo rẹ̀ sì di òkúta. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹrẹ̀. Giránáìtì kò jẹ́ ẹrẹ̀ rí. Òjò àti oòrùn sì máa ń jẹ giránáìtì ní kòtò kòtò, ìwọ náà rí wọn káàkiri òkè yẹn, omi ń dúró sínú wọn.

Ohun tí àwọn bàbá yín sọ nípa Agboògùn, ìtàn ìlú ni, ẹnu àwọn tó ni ín ni kí o ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè òkúta lo bi mí, òkúta ni mo dáhùn.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ ṣeun, bàbá. Ó ṣì bá mi mu o.

Àdùkẹ́ Ẹ̀kìmọ̀gún

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀ láìsọ nǹkan. Ìyá mi àgbà fi òkúta kan sílẹ̀ fún wa, ó tó àtẹ́lẹwọ́, dúdú tó ń dán, orí kan mú bí àáké, ìdí rẹ̀ ṣe rogodo. Ẹdùn àrá la mọ̀ ọ́n sí. Inú oko ni bàbá rẹ̀ ti rí i lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹnì kan wá sílé wa lóṣù tó kọjá, ó ní òun ń ra "fọ́sìlì àti ohun àtijọ́", ó fẹ́ fún wa ní owó. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ gbà. Ẹ sọ fún mi, ṣé fọ́sìlì ni?

Adé Gíọ́

Ẹ má tà á, mà.

Kì í ṣe fọ́sìlì. Fọ́sìlì ni ara tàbí ojú ẹsẹ̀ ohun tó ti ní ẹ̀mí rí. Ẹdùn àrá jẹ́ òkúta tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́, tí wọ́n sì fi iyanrìn àti omi lọ̀ títí tó fi dán. Àáké ni, kí irin tó dé ilẹ̀ wa. Wọ́n máa ń hàn lẹ́yìn òjò torí pé àgbàrá ló ń fọ ilẹ̀ orí wọn kúrò, àrá sì sábà máa ń bá irú òjò bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ lè rí bí orúkọ náà ṣe wá.

Ní ti ẹni tó ń ra nǹkan kiri, òfin ọdún 1979 tó dá Àjọ Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kó ohun àtijọ́ jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá padà wá. Ẹ ó rí bó ṣe máa yára rántí ibòmíràn tó fẹ́ lọ.

Àdùkẹ́ Ẹ̀kìmọ̀gún

A dúpẹ́. Àmọ́ àbúrò, ọ̀rọ̀ àáké yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n fún mi mu nígbà tí gìrì mú mi lọ́mọ ọdún méjì. A kì í pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àáké lásán.

Àgbà Oǹdó

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ máa pè é ní orúkọ tí ìyá yín pè é. Ohun kan lè jẹ́ àáké lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó sì jẹ́ ẹdùn àrá lọ́wọ́ ẹni tó jogún rẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tà á.

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́, ẹ kò tíì dárúkọ èyí tó sún mọ́ yín jù. Ní ẹ̀bá Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò kan wà lábẹ́ òkúta. Àwọn ìwé kọ ọ́ ní Iwo Eleru. Àwa mọ̀ pé Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀, torí àwọn ènìyàn ti dáná níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì kan egungun ènìyàn kan àti agbárí rẹ̀ tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n tún fi kọ̀ǹpútà wọn agbárí náà, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ṣáájú ìgbà yẹn fún àìmọye ọdún. Ó gùn, ó sì rẹlẹ̀. Bí ẹni pé ọmọ ọdún yìí wọ aṣọ bàbá bàbá rẹ̀.

Irú egungun bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú igbó wa, nítorí òjò wa pọ̀, ilẹ̀ wa sì kan, ó ń jẹ egungun. Ihò gbígbẹ ló dá ìyẹn sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òòlù lọ síbẹ̀ o. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré ìparí ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ

Tiwa ní etí òkun Ayétòrò ńkọ́? Ìkarahun ni a fi ń ṣeré. Ṣé mo lè kó àpò kan wá fún Ọmọ Òkè-Àró?

Adé Gíọ́

Ìkarahun òní ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà, inú rẹ̀ ṣófo. Àmọ́ kó wọn wá. Ẹni tí kò mọ ìkarahun òní kò lè mọ ti àná. Mo máa ń gbé ìkarahun Ìlàjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́sìlì láti fi wé e.

Onímọ́tò Ewékorò

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹnì kan ló fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí mi. Ọdún méje ni mo fi wa sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò wá sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ nǹkan yìí. Bí ọkọ̀ bá tò, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, o wà lórí ìlà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ta ayò. Èmi ń rìn.

Lọ́jọ́ kan mo fi bàtà ta òkúta funfun kan lẹ́bàá títì, ó yí, mo rí òkòtó kan lára rẹ̀. Òkòtó tí a fi ń ṣeré lọ́mọdé gan-an! Ó tó àtàǹpàkò mi, ó yí po lẹ́ẹ̀márùn-ún, orí rẹ̀ ṣóṣóró, inú rẹ̀ kún fún òkúta bámúbámú. Mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá gbé ọkọ̀ mi síwájú, n kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi kí ẹ má baà ṣe é. Mo ka á níbì kan pé áásìdì máa ń yọ òkúta kúrò lára fọ́sìlì. Kò sí áásìdì lọ́wọ́ mi ju ti bátìrì lọ. Mo da díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, mo sọ òkòtó mi sínú ẹ̀. Ó hó bí ọtí, mo dúnnú. Nígbà tí mo máa fi yọ ọ́, nǹkan funfun bí ẹfun ti bò ó, ojú òpó tó yí po lára rẹ̀ ti parẹ́, orí ṣóṣóró ti já. Àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Ó ṣì wà nínú ọkọ̀ mi, n kò lè jù ú nù. Ẹ̀fúùfù áásìdì náà mú mi wúkọ́ di ọjọ́ kejì.

Ìkejì: mo wọ inú kúárì kan láìtọrọ àyè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá mi mú, wọ́n tú àpò mi sílẹ̀, wọ́n rò pé mo jí irin. Nígbà tí wọ́n rí i pé òkúta ni, ó burú ju pé kí ó jẹ́ irin lọ, wọ́n ní oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ni. Wọ́n ń fi àdó fọ́ òkúta níbẹ̀, ògiri rẹ̀ ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó sì lè wó nígbàkígbà. Ẹ kọ̀wé, ẹ lọ ní ẹgbẹ́, ẹ dé akoto.

Àgbà Oǹdó

Onímọ́tò, ìwọ lo kàn án gan-an. Òkúta ẹfun Ewékorò yẹn, ìsàlẹ̀ òkun gbígbóná tí kò jìn ló ti dì, ó lé ní mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn dáínósọ̀ ti kú tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwafeyisola Adegoke ti Yunifásítì Ifẹ̀ ló jókòó ti àwọn ìkarahun inú rẹ̀, tó pín wọn sí irú irú. Iṣẹ́ ńlá tó ṣe lórí wọn jáde ní 1977. Òun náà tún ni ó ṣáájú àwọn tó yẹ ọ̀dà ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa wò. Ọmọ tiwa ló ṣe é o, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń la òkúta.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí Onímọ́tò rí, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ìkarahun fúnra rẹ̀ ni. Ẹ ro ti mọ́ínmọ́ín inú agolo. Bí o bá yọ ọ́, agolo ti lọ, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín dúró ní ìrísí inú agolo, gbogbo ìlà ìdí agolo á wà lára rẹ̀. Ìgbín òkun kú, ẹrẹ̀ wọ inú ìkarahun rẹ̀, ẹrẹ̀ di òkúta, omi inú ilẹ̀ sì jẹ ìkarahun náà tán. Mọ́ínmọ́ín ló kù. Ẹ̀wẹ̀, bí o bá tú ẹ̀kọ, wo ara rẹ̀, iṣan ewé wà níbẹ̀ fínnífínní. Ìyẹn ni irú kejì, ojú ohun náà lára ilẹ̀ tó yí i ká. Nítorí náà, bí o bá la òkúta, má sọ ìlàjì tó ní kòtò nù. Ẹ̀kọ ni. Ó lè fi ìta ìkarahun hàn ọ́, èyí tí mọ́ínmọ́ín kò lè ṣe.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ebi wá ń pa mí.

Kẹ́hìndé ti dé o. Ó ní fẹ́lísípà ni. Ó ti ń ka ọ̀rọ̀ yín lórí fóònù mi.

Tísà Ọ̀wọ̀

Ṣé Naijiria ní ẹranko ńlá kankan nínú òkúta ṣá, àbí ìgbín nìkan ni?

Adé Gíọ́

Ó ní. Ní Sókótó, wọ́n rí ẹranko òkun tó jọ aláǹgbá ńlá, irú àwọn mosasaur, Goronyosaurus ni orúkọ rẹ̀, wọ́n fi orúkọ Gòróńyò sọ ọ́. Ní Àméké, ní Ábíà òde òní, wọ́n rí egungun àbùùbùtán àtijọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi ní 1920. Ẹ fojú inú wò ó, ẹja àbùùbùtán tó jẹ́ orúkọ Lugard. Ní agbègbè Gòǹbè, àwọn ammonite, ẹ̀dá òkun oníkarahun tó ti tán láyé, pọ̀ nínú òkúta ẹfun, wọ́n ká bí ìwo àgbò.

Ọmọ Òkè-Àró
Ọjọ́rú

Mo padà dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Adé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé táìlì òkúta dídán tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun máa ń ní fọ́sìlì nínú, kí n máa wo ilẹ̀ àwọn ilé ńlá. Mo lọ sí báńkì kan ní Alágbàka lánàá láti gba káàdì. Bí mo ṣe wà lórí ìlà, mo wolẹ̀. Ẹ̀yin ará! Lábẹ́ bàtà ẹni tó wà níwájú mi, nǹkan kan ká rogodo, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ti táìlì lọ, ó pín sí yàrá yàrá bí ìgbà tí a bá la ọsàn. Ó tó ẹnu ife omi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni iwájú mi ṣí ẹsẹ̀. Mo tún rí òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn òdòdó ìkòkò. Sẹ́kúríítì wá dúró lé mi lórí, ó ní, "Ọ̀gá, kí ló sọnù?" Mo ní, "Ẹ wo ìgbín." Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin nìyí tí òun ti ń tẹ ibẹ̀, òun rò pé àbàwọ́n ọbẹ̀ ni. Ó wá fi ẹlòmíràn hàn mí lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́bàá ibi tí òun máa ń dúró sí, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọta ìbọn. Wọn kò jẹ́ kí n ya fọ́tò. Mo gbàgbé láti gba káàdì.

Adé Gíọ́

Tó bá pín sí yàrá yàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe ìgbín. Ìgbín kò ní yàrá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú ìkarahun rẹ̀ láti ẹnu dé ṣóńṣó. Ẹ̀dá tó ń ká tó sì ní yàrá, ammonite ni tàbí ìbátan rẹ̀. Ìwọ wo ìyẹn. Èyí tó rí bí ọta ìbọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ belemnite, irú ẹran òkun ọlọ́wọ́ púpọ̀ kan, egungun inú rẹ̀ ni ìyẹn.

Padà lọ gba káàdì.

Onímọ́tò Ewékorò

Ọmọ Òkè-Àró, mò ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ ní Sátidé, mo máa já ẹrù nítòsí Ọjà Ọba. Mo ní òkúta mẹ́ta fún ọ, mo ṣà wọ́n lẹ́bàá títì, kì í ṣe inú kúárì. Mú búrẹ́dì wá.

Àgbà Oǹdó

Kí o tó gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, bi í ní ibi tí ó ti ṣà wọ́n, títì wo, ẹ̀gbẹ́ wo, ọjọ́ wo, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Má ṣe sọ pé o máa rántí. Mo ní páálí kan nílé tó kún fún òkúta tí mo sọ pé n óò rántí. Mo ti di ẹni àádọ́rin ọdún, n kò mọ èyí tó ti Ewékorò wá àti èyí tó ti Ṣágámù wá, wọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kán típẹ́ẹ̀sì kékeré kan sí ẹ̀yìn òkúta, jẹ́ kó gbẹ, kọ nọ́ńbà lé e, kí o kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé. Kéréètì ẹyin ni kí o tò wọ́n sí. Má fi áásìdì kankan kàn wọ́n. Omi, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, abẹ́rẹ́, àti sùúrù.

Ọmọ Òkè-Àró
Sátidé, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ó dé. A jẹ búrẹ́dì náà lórí irin ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi òkòtó tí áásìdì jẹ yẹn hàn mí, ó fi aṣọ ìnujú wé e.

Mo ti fọ ọ̀kan. Mo fi abẹ́rẹ́ ìyàwó mi yọ ẹrẹ̀ kúrò láàárín òpó tó yí po, mo bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, oúnjẹ mi ti tutù. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kì í ṣe márùn-ún bíi ti àkọ́kọ́ Onímọ́tò. Mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí igun òkúta tí kò ní nǹkan lára, ó hó, mo gbọ́ ọ létí.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi nìyí, ẹ bá mi wò ó bóyá ó péye:

"Nọ́ńbà 1. Ìgbín òkun, òkòtó gígùn, irú mọ́ínmọ́ín. Òkúta ẹfun. Ewékorò, ẹ̀bá títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, apá òsì bí a bá ń lọ Abẹ́òkúta. Onímọ́tò ló ṣà á. Mo fọ̀ ọ́ fúnra mi."

Òkúta fẹ́lísípà yẹn náà wà lórí tábìlì. Mo kọ nọ́ńbà 0 sí i.

Àgbà Oǹdó

O kò kọ ọjọ́ tó ṣà á.

Onímọ́tò Ewékorò

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òjò ń rọ̀.